Kọ̀ǹpútà sáyẹ́ǹsì ni, àbí cybersecurity gan-an? Ìfiwéra fún ẹni tó fẹ́ kọ́ ààbò ìsọfúnni ní yunifásítì

Ìbéèrè táwọn èèyàn máa ń kọ́kọ́ béèrè ni pé yunifásítì wo ló dáa jù fún cybersecurity. Mi kì í dáhùn ẹ̀ lójú ẹsẹ̀, torí ìbéèrè kan wà tó yẹ kó ṣáájú ẹ̀: digirí wo gan-an lẹ fẹ́ lọ ṣe? Ọ̀nà tó wọ iṣẹ́ yìí pọ̀. Ẹnì kan á gba kọ̀ǹpútà sáyẹ́ǹsì wọlé, ẹlòmíì á lọ ṣe digirí tí wọ́n kọ cybersecurity gàdàgbà sára ẹ̀, ẹlòmíì á gba ẹ̀yìn wọlé látọ̀dọ̀ àwọn tó ń kọ́ ìṣàkóso, ẹni tó fẹ́ràn ìṣirò náà ní àyè tiẹ̀, ẹni tó ti ń ṣiṣẹ́ á wá ṣe másítà. Gbogbo wọn ló ń ríṣẹ́, àmọ́ iṣẹ́ kan náà kọ́ o.

Ká kọ́kọ́ sọ ohun tá a máa fi wọ̀n wọ́n. Owó ni àkọ́kọ́, mi ò sì sọ owó iléèwé nìkan, ẹ ka ọdún tẹ́ ẹ máa fi jókòó láìgbowó oṣù mọ́ ọn, ẹ ka owó ìdánwò sẹ́tífíkéètì mọ́ ọn torí ọ̀pọ̀ ló máa ń ṣe é kún digirí, ẹ ka láptọ́ọ̀pù mọ́ ọn, torí ẹ máa ní láti ṣí kọ̀ǹpútà méjì mẹ́ta sínú ẹyọ kan lẹ́ẹ̀kan náà, virtual machine là ń pè é, láptọ́ọ̀pù tí RAM ẹ̀ jẹ́ 8GB á kàn máa mí hẹlẹ ni, 16GB ló bójú mu. Lẹ́yìn owó, ṣé ètò náà ṣeé gbára lé: ṣé àjọ tó mọ̀ nípa ẹ̀ ti yẹ̀ ẹ́ wò, ṣé àwọn olùkọ́ ibẹ̀ mọ iṣẹ́ yìí tọwọ́tọwọ́ àbí inú ìwé nìkan ni wọ́n ti rí i. Lẹ́yìn ìyẹn, wákàtí mélòó lọ́wọ́ yín máa wà lórí keyboard láàárín ọ̀sẹ̀. Tí iṣẹ́ ààbò bá wá sú yín lọ́la ńkọ́, ṣé digirí náà á jẹ́ kẹ́ ẹ yà síbòmíì? Èyí tó kẹ́yìn làwọn èèyàn ò fẹ́ gbọ́: báwo lẹ̀yin àti ìṣirò ṣe jẹ́, báwo lẹ̀yin àti kóòdù kíkọ ṣe jẹ́?

Kó má bàa dà bíi pé ọ̀rọ̀ ẹnu lásán ni mò ń sọ, ẹ jẹ́ ká mú ìṣẹ̀lẹ̀ kan ṣoṣo ká fi wo gbogbo wọn. WannaCry ni, prógírámù burúkú kan tó ń tàn ká fúnra ẹ̀ látorí kọ̀ǹpútà kan dé òmíì. Ọjọ́ 12 oṣù karùn-ún ọdún 2017 ló bẹ́ sílẹ̀, láàárín ọjọ́ díẹ̀ ó ti wọ kọ̀ǹpútà tó lé ní 200,000 ní nǹkan bí orílẹ̀-èdè 150, ó ń ti fáìlì onífáìlì pa, ó ń ní kí wọ́n lọ san 300 dọ́là ní Bitcoin. Àwọn ọsibítù ìjọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì jẹ nínú ìyà ẹ̀ gan-an, wọ́n ń sún iṣẹ́ abẹ síwájú, wọ́n ń dá aláìsàn padà sílé. SMB ló gbà wọlé, ìyẹn apá Windows tó ń jẹ́ kí kọ̀ǹpútà máa pín fáìlì láàárín ara wọn, Microsoft sì ti gbé àtúnṣe ibẹ̀ jáde láti ọjọ́ 14 oṣù kẹta ọdún yẹn kan náà. Ìṣẹ̀lẹ̀ kan nìyẹn o. Ohun tí akẹ́kọ̀ọ́ ẹ̀ka kọ̀ọ̀kan máa kọ́kọ́ béèrè lórí ẹ̀ ló yàtọ̀, èyí tó bá sì ń ṣe yín bíi kẹ́ ẹ béèrè nínú wọn, ẹ fọkàn sí i.

Kọ̀ǹpútà sáyẹ́ǹsì, kẹ́ ẹ wá mú ààbò kún un

Ẹni tó ń kọ́ kọ̀ǹpútà sáyẹ́ǹsì á béèrè pé: kí ló ṣẹlẹ̀ nínú memory gan-an, ìyẹn ibi tí kọ̀ǹpútà ń kó ohun tó ń lò lọ́wọ́ sí? Ìdáhùn ẹ̀ ni pé kóòdù tó wà nínú SMB ṣi ìwọ̀n àyè tó yẹ kó fi sílẹ̀ ṣírò, dátà tó wọlé wá pọ̀ ju àyè lọ, ó ṣàn kọjá sórí ohun tí kò yẹ kó débẹ̀. Ní kíláàsì wọ́n á jẹ́ kẹ́ ẹ fọwọ́ ara yín ṣe irú ẹ̀. Wọ́n á fún yín ní prógírámù kékeré kan tí wọ́n fi èdè kóòdù tó ń jẹ́ C kọ, á ní kẹ́ ẹ tẹ orúkọ yín, àyè byte 64 ló fi sílẹ̀ fún orúkọ náà, kò sì yẹ gígùn ẹ̀ wò. Ẹ tẹ lẹ́tà A mẹ́wàá, ó kí yín dáadáa. Ẹ tẹ A ọgọ́rùn-ún, ó kú fin-ín. Ẹ wá ṣí gdb, irinṣẹ́ tá a fi ń yẹ inú prógírámù wò, ẹ wo àdírẹ́ẹ̀sì tí processor fẹ́ lọ kó tó kú, tó bá jẹ́ 32-bit lẹ ń lò ẹ máa rí 0x41414141 níbẹ̀. 41 ni lẹ́tà A nínú hexadecimal, ìyẹn ọ̀nà ìkọ nọ́ńbà kan tí wọ́n máa ń lò nídìí kọ̀ǹpútà. Ìyẹn ni pé ohun tẹ́ ẹ tẹ̀ síbi orúkọ ló ń darí kọ̀ǹpútà báyìí. Ẹni tó bá rí nọ́ńbà yẹn tí oorun dá lójú ẹ̀, ẹ̀ka yìí ni tiẹ̀, kó má wulẹ̀ rò ó mọ́.

Ohun tí mo fẹ́ràn nínú ẹ̀ ni pé kì í ti ilẹ̀kùn kankan. Tí ààbò bá sú yín, ẹ lè di ẹni tó ń kọ sọ́fítíwíà, ẹ lè lọ sídìí dátà, kò sẹ́ni tó máa béèrè pé kí ni digirí yín túmọ̀ sí. Ó tún ṣeé gbára lé torí ó ti pẹ́ nílẹ̀, wọ́n mọ bí wọ́n ṣe ń kọ́ ọ. Àwọn tó kọ́kọ́ mú ọ̀rọ̀ ààbò yìí le, ibẹ̀ náà ni wọ́n ti wá: Robert Tappan Morris tó tú worm (prógírámù tó ń tàn ká fúnra ẹ̀ bíi WannaCry) sórí íntánẹ́ẹ̀tì lóṣù kọkànlá ọdún 1988, kọ̀ǹpútà sáyẹ́ǹsì ló ń kọ́ ní yunifásítì Cornell nígbà yẹn. Wàhálà tó dá sílẹ̀ ló jẹ́ kí wọ́n gbé CERT, ikọ̀ tó ń dìde sí wàhálà ààbò kọ̀ǹpútà, kalẹ̀ ní yunifásítì Carnegie Mellon. (Òun fúnra ẹ̀ padà di ọ̀jọ̀gbọ́n ní MIT, ẹ máa wo ayé.)

Ibi tó kù sí ni pé ẹ lè dé ọdún kẹta kẹ́ ẹ tó gbọ́ ọ̀rọ̀ ààbò kankan. Ṣáájú ẹ̀, algorithm (ìgbésẹ̀ tá a fi ń yanjú ìṣòro) ni, operating system (sọ́fítíwíà bíi Windows tó ń darí ẹ̀rọ) ni, ìṣirò ni, ẹlòmíì á sì ti sọ̀rètí nù kó tó débẹ̀. Ọ̀pọ̀ ló tún ń gboyè jáde láì ka log server kan, ìyẹn àkọsílẹ̀ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ lórí ẹ̀rọ, rí láyé ẹ̀. Ẹ̀tàn kan tún wà níbẹ̀ tó yẹ kẹ́ ẹ mọ̀: àwọn iléèwé máa ń to kọ́ọ̀sì ààbò mẹ́fà méje sínú ìwé ètò ẹ̀kọ́ wọn, ẹ̀ẹ̀kan lọ́dún mẹ́ta ni wọ́n ń kọ́ òmíì nínú ẹ̀ torí olùkọ́ ò sí. Ẹ kọ̀wé sí wọn, ẹ béèrè pé èwo lẹ kọ́ lọ́dún tó kọjá. Ìdáhùn ìyẹn lẹ máa gbà gbọ́, kì í ṣe àtòjọ yẹn.

Digirí cybersecurity fúnra ẹ̀

Ìbéèrè tiwọn nípa WannaCry ni pé: báwo ló ṣe ń fò látorí ẹ̀rọ kan bọ́ sórí òmíì, báwo la ṣe máa dá a dúró lálẹ́ òní? Wọ́n á ní kẹ́ ẹ ti port 445 tí SMB ń gbà pa lẹ́nu ọ̀nà, kẹ́ ẹ yọ àwọn ẹ̀rọ tó ti kó o kúrò lára nẹ́tíwọ́ọ̀kì, kẹ́ ẹ wá ṣí ọ̀kan sínú virtual machine tí kò kan íntánẹ́ẹ̀tì gidi, kẹ́ ẹ jẹ́ kó ṣe wèrè ẹ̀ níbẹ̀ bí Wireshark, irinṣẹ́ tó ń wo ohun tó ń kọjá lórí nẹ́tíwọ́ọ̀kì, ṣe ń ká gbogbo ohun tó ń ṣe sílẹ̀. Ohun tí wọ́n sì fi dá a dúró lọ́jọ́ náà nìyẹn. Olùṣèwádìí kan, Marcus Hutchins, rí i pé worm yìí ń pe àdírẹ́ẹ̀sì gígùn jánganjàngan kan tí ò nítumọ̀, tẹ́nikẹ́ni ò sì ní in, ó bá forúkọ ẹ̀ sílẹ̀. Bí worm náà ṣe ń pè é tó ń rí ìdáhùn báyìí, ó ń pa ara ẹ̀ tì. Tírú iṣẹ́ báyìí bá ń dá yín lọ́rùn, tẹ́ ẹ fẹ́ kí ọwọ́ yín kàn án láti ọdún àkọ́kọ́, digirí yìí máa yá yín ju kọ̀ǹpútà sáyẹ́ǹsì lọ, wọn ò sì ní da ìṣirò bò yín mọ́lẹ̀ tó bẹ́ẹ̀.

Àmọ́ ibí ni mo ti ní ọ̀rọ̀ sọ jù. Orúkọ yẹn ń tà, gbogbo iléèwé ló mọ̀ pé ó ń tà, àwọn kan ti mú ìwé ètò ẹ̀kọ́ IT wọn àtijọ́, wọ́n fi kọ́ọ̀sì méjì kún un, wọ́n pè é ní ethical hacking (ìyẹn gbígbógun wọ ètò èèyàn pẹ̀lú àṣẹ), wọ́n yí orúkọ padà, owó iléèwé gòkè. Báwo lẹ ṣe máa mọ ayédèrú? Ẹ wò ó bóyá wọ́n ń kọ́ kíkọ kóòdù kọjá ọdún àkọ́kọ́. Ẹ wò ó bóyá operating system àti nẹ́tíwọ́ọ̀kì wà níbẹ̀ ní kọ́ọ̀sì gidi. Ẹ wo orúkọ àwọn kọ́ọ̀sì náà, tó bá jẹ́ orúkọ irinṣẹ́ ló pọ̀ níbẹ̀, ẹ ṣọ́ra o, irinṣẹ́ á ti gbó kẹ́ ẹ tó gboyè. Ẹ béèrè bóyá wọ́n ní láàbù tí ẹ lè wọ̀ lóru látilé, bóyá àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ibẹ̀ ní ẹgbẹ́ tó ń lọ figa gbága níbi ìdíje CTF, níbi tí wọ́n ti ń yanjú àdììtú ààbò kọ̀ǹpútà. Ẹgbẹ́ CTF tó ń ṣiṣẹ́ sọ òótọ́ nípa iléèwé ju ìwé ìpolówó lọ, torí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ló máa ń dá a sílẹ̀ fúnra wọn, níbi tí ẹ̀kọ́ ò bá ti wọni lára kì í pẹ́ tó fi ń kú.

Òṣùwọ̀n kan tún wà lọ́fẹ̀ẹ́. Lọ́dún 2017, àwọn ẹgbẹ́ onímọ̀ bí ACM, IEEE àtàwọn míì jọ gbé ìlànà kan jáde lórí ohun tó yẹ kí digirí cybersecurity ní nínú, CSEC2017 lorúkọ ẹ̀, ó pín ìmọ̀ náà sí mẹ́jọ: dátà, sọ́fítíwíà, àwọn ẹ̀yà ẹ̀rọ, ìsopọ̀ nẹ́tíwọ́ọ̀kì, ètò lódindi, ọmọ èèyàn, ilé iṣẹ́, àwùjọ. Ẹ gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ kọ́ọ̀sì tiwọn, ẹ máa fàmì sí i. Tí mẹ́ta bá ṣófo, ẹ béèrè ìdí. Ní ti ìfọwọ́sí, ní Amẹ́ríkà NSA, àjọ ààbò ìjọba, máa ń fún àwọn iléèwé tó bá dójú ìwọ̀n ní orúkọ CAE, ABET tó ń yẹ ètò ẹ̀kọ́ yunifásítì wò náà ní ìlànà fún digirí yìí, ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì NCSC, àjọ ìjọba lórí ààbò kọ̀ǹpútà, ló ń ṣe é. Ìfọwọ́sí ò sọ pé olùkọ́ máa dáa o, ó kàn sọ pé ẹnì kan ti wò ó yàtọ̀ sí àwọn tó ń tà á.

Owó wá ńkọ́? Digirí yìí kì í fi bẹ́ẹ̀ wọ́n ju kọ̀ǹpútà sáyẹ́ǹsì lọ ní iléèwé kan náà, sẹ́tífíkéètì ni ìyàtọ̀ ti máa ń yọ. Àwọn iléèwé kan ti ka owó ìdánwò sẹ́tífíkéètì mọ́ owó iléèwé, Western Governors University ní Amẹ́ríkà ń ṣe bẹ́ẹ̀ pẹ̀lú ti CompTIA, ẹgbẹ́ kan tó ń ṣe ìdánwò sẹ́tífíkéètì kọ̀ǹpútà, ìyẹn sì ń fọwọ́ wọ́nú ẹni. Tí iléèwé kan bá wá sọ fún yín pé ẹ máa gba CISSP, sẹ́tífíkéètì àwọn àgbà nídìí ààbò, lọ́jọ́ tẹ́ ẹ bá gboyè, ẹ rẹ́rìn-ín kẹ́ ẹ máa lọ. ISC2 tó ni ín ń béèrè ìrírí iṣẹ́ ọdún márùn-ún, digirí lè yọ ọdún kan níbẹ̀, kò lè yọ jù bẹ́ẹ̀. Ẹ lè yege ìdánwò náà ṣá, Associate ni wọ́n á máa pè yín títí ọdún yẹn fi máa pé.

Ohun kan wà tí mo máa fi ṣáájú orúkọ iléèwé níbí, òun ni bóyá wọ́n máa rán yín lọ síbi iṣẹ́ fún oṣù mẹ́fà tàbí ọdún kan kẹ́ ẹ tó parí. Iṣẹ́ ààbò tí wọ́n ní ti ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀ ni, ìrírí náà ni wọ́n tún ń béèrè, kò tiẹ̀ yé mi bí wọ́n ṣe rò pé ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀ á ṣe ní in, àmọ́ bó ṣe rí nìyẹn. Iléèwé tí ò lókìkí tó ń ránni lọ síbi iṣẹ́, mo fara mọ́ ọn ju èyí tó lókìkí tí kì í ránni lọ.

Apá ìṣàkóso, òfin àti ìlànà

Àwọn hacker orí íntánẹ́ẹ̀tì máa ń fi apá yìí ṣẹ̀fẹ̀, wọ́n ní ìwé kíkọ lásán ni. Ẹ wá gbọ́ ìbéèrè tí akẹ́kọ̀ọ́ ibẹ̀ máa béèrè nípa WannaCry: àtúnṣe jáde lóṣù kẹta, kí ló dé tí kò tíì sí lórí ẹ̀rọ lóṣù karùn-ún? Ta ló ní ìwé tó sọ iye kọ̀ǹpútà tó wà nílé? Ta ló láṣẹ láti pa ẹ̀rọ ọsibítù fún wákàtí kan kí wọ́n lè tún un ṣe? Ní tèmi o, ìbéèrè yìí ló wúwo jù nínú gbogbo ẹ̀, torí ìmọ̀ bí wọ́n ṣe ń tún un ṣe ti wà nílẹ̀. Lọ́dún yẹn kan náà irú ẹ̀ ṣẹlẹ̀ sí Equifax, ilé iṣẹ́ tó ń tọ́jú àkọsílẹ̀ gbèsè àwọn èèyàn ní Amẹ́ríkà, àtúnṣe Apache Struts, sọ́fítíwíà tí ìkànnì wọn ń lò, ti jáde, wọn ò fi sí i, ìsọfúnni àwọn èèyàn tó tó mílíọ̀nù 147 bá lọ.

Ohun tẹ́ ẹ máa kọ́ ni bí wọ́n ṣe ń wọn ewu, ìlànà àgbáyé ISO 27001, Cybersecurity Framework ti NIST (àjọ òṣùwọ̀n ìjọba Amẹ́ríkà) tí ẹ̀dà kejì ẹ̀ jáde lọ́dún 2024, òfin dátà bíi GDPR ti ilẹ̀ Yúróòpù, ọ́díìtì, bí wọ́n ṣe ń kọ ìròyìn tí ọ̀gá tí ò mọ kọ̀ǹpútà máa kà tó máa yé e. Owó ẹ̀ rọjú, láptọ́ọ̀pù tó bá ṣáà ti wà ti tó, ìṣirò ibẹ̀ ò le. Ewu ẹ̀ ni pé tẹ́ ò bá mọ ìdí ẹ̀rọ rárá, àwọn tó mọ̀ ọ́n á máa pa irọ́ fún yín lójú kòrókòró, ẹ ò ní mọ̀. Ẹni tó bá yan ibí kó rí i pé ó kéré tán kọ́ọ̀sì nẹ́tíwọ́ọ̀kì kan àti ti kóòdù kan wọ inú ẹ̀.

Ìṣirò àti cryptography

Kúkúrú nìyí. Cryptography ni fífi ìṣirò ti ọ̀rọ̀ pa kẹ́ni tí kò ní kọ́kọ́rọ́ má lè kà á. Akẹ́kọ̀ọ́ ibí á béèrè pé ṣé a lè ṣí àwọn fáìlì yẹn láìsanwó? Kò rọrùn: fáìlì kọ̀ọ̀kan ní kọ́kọ́rọ́ AES tiẹ̀, wọ́n wá fi RSA 2048-bit ti kọ́kọ́rọ́ yẹn pa (ọ̀nà ìtìpa méjì ni AES àti RSA). Látorí iṣẹ́ Diffie àti Hellman lọ́dún 1976 títí dé RSA tó tẹ̀ lé e lọ́dún 1977, ìṣirò ló bí gbogbo ẹ̀, iṣẹ́ sì tún ti bẹ́ sílẹ̀ níbẹ̀ torí Peter Shor ti fi hàn láti 1994 pé kọ̀ǹpútà quantum, irú ẹ̀rọ tó ń ṣírò lọ́nà tó yàtọ̀ sí tiwa, tó bá lágbára tó máa fọ́ RSA, NIST sì ti gbé ìlànà tuntun mẹ́ta àkọ́kọ́ jáde lóṣù kẹjọ ọdún 2024. Ibẹ̀ dùn, àmọ́ àyè ò pọ̀, àwọn tó ń gbanisíṣẹ́ níbẹ̀ máa ń fẹ́ PhD. Tí inú yín kì í bá dùn tẹ́ ẹ bá rí proof, ìyẹn ẹ̀rí tí wọ́n fi ìṣirò tò, ẹ má débẹ̀.

Másítà, pàápàá èyí tí wọ́n ń ṣe lórí íntánẹ́ẹ̀tì

Ọ̀nà yìí ti pẹ́ ju báwọn èèyàn ṣe rò lọ, Royal Holloway ní yunifásítì London ti ń ṣe MSc Information Security láti 1992. Oríṣi méjì ló wà, ẹ má sì ṣì wọ́n mú fún ara wọn. Ọ̀kan jẹ́ ti ẹni tí kò ṣe kọ̀ǹpútà tẹ́lẹ̀, á bẹ̀rẹ̀ láti ìsàlẹ̀, ọdún kan náà ló sì fẹ́ fi kó gbogbo ẹ̀ sí yín lórí, ẹ má retí pé ẹ máa jinlẹ̀. Èkejì jẹ́ ti ẹni tó ti mọ kóòdù àti nẹ́tíwọ́ọ̀kì, tó fẹ́ lọ sísàlẹ̀ odò. Ẹni tó bá wọ èkejì láìní ìpìlẹ̀, ojú ẹ̀ á rí màbo láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́ta.

Ti orí íntánẹ́ẹ̀tì ló dín owó kù jù, torí iṣẹ́ yín ò dúró, owó oṣù ń wọlé, ẹ ò kó lọ síbòmíì. Georgia Tech bẹ̀rẹ̀ tiẹ̀ lóṣù kìíní ọdún 2019, owó ẹ̀ sì kéré gan-an sí èyí tí wọ́n ń jókòó sí kíláàsì ṣe. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ ọjọ́ gbogbo, ilé, ọmọ, kí asáínmẹ́ǹtì buffer overflow, ìyẹn dátà tó ṣàn kọjá àyè ẹ̀, tún wá dúró dè yín láago mọ́kànlá òru, kì í ṣe gbogbo èèyàn ló lè gbà á mọ́ra. Àwọn tó ń já sílẹ̀ níbẹ̀ kì í sábà jẹ́ olódo, àkókò ni ò tó wọn. Kọ́ọ̀sì kan lẹ́ẹ̀kan, ìyẹn ni mo máa sọ fún ẹni tó ní ìdílé, ẹ jẹ́ kó pẹ́.

Ta ló yẹ kó mú èwo

Ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń jáde níléèwé girama, tó fẹ́ràn kọ̀ǹpútà àmọ́ tí kò tíì mọ bóyá ààbò ló fẹ́ fi jẹun títí ayé, kó mú kọ̀ǹpútà sáyẹ́ǹsì níbi tí kọ́ọ̀sì ààbò mẹ́rin ó kéré tán ti ń wáyé lọ́dọọdún. Ẹni tó ti mọ̀ dájú, tó ti ń fi Linux ṣeré nílé, kó lọ ṣe digirí cybersecurity tó bá yege àwọn ìbéèrè òkè yẹn, tí kò bá sì yege kó padà sí kọ̀ǹpútà sáyẹ́ǹsì láìtijú. Ẹni tó mọ ọ̀rọ̀ sọ, tó mọ ìwé kọ, tàbí tó ti ṣe òfin tàbí ìṣirò owó, apá ìṣàkóso ń dúró dè é, èèyàn tó mọ méjèèjì ò pọ̀ níbẹ̀. Ẹni tó ti ń ṣiṣẹ́ nídìí server tàbí nẹ́tíwọ́ọ̀kì ò nílò digirí tuntun, másítà orí íntánẹ́ẹ̀tì ti tó o, tó bá sì jẹ́ pé iṣẹ́ gbígbógun wọ ètò èèyàn pẹ̀lú àṣẹ ló ń wá, sẹ́tífíkéètì OSCP lè wúlò fún un ju másítà lọ, ìdánwò tí wọ́n ń fi wákàtí 23 àti ìṣẹ́jú 45 ṣe ni, wọ́n á tún fún un ní ọjọ́ kan kó kọ ìròyìn ẹ̀.

Òbí tó fẹ́ sanwó tọ́mọ ò tíì mọ èyí tó fẹ́, ẹ má tíì sanwó. picoCTF tí Carnegie Mellon ṣe wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì lọ́fẹ̀ẹ́, torí àwọn ọmọ girama gan-an ni wọ́n ṣe ṣe é, ẹ jẹ́ kó lo oṣù kan níbẹ̀. Ẹ wo irú ìbéèrè tó kọ́kọ́ ń ṣí: tó bá jẹ́ ti kóòdù tó ń kú, tó bá jẹ́ ti nẹ́tíwọ́ọ̀kì, tó bá jẹ́ ti cryptography, ẹ ti mọ fọ́ọ̀mù tẹ́ ẹ máa gbà. Tó bá ṣí i lẹ́ẹ̀kan tí kò padà débẹ̀ mọ́, ẹ bi í bóyá ó fẹ́ràn òfin.